Ikú Méjì tí Ẹfúnṣetán Aníwúrà Kú

Ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọ ènìyàn ń kú, ṣùgbọ́n Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, kú lẹ́ẹ̀mejì. Ikú àkọ́kọ́ ni èyí tí ó bá a lórí ibùsùn rẹ̀ ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, ọdún 1874. Ikú kejì ni èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà nínú eré-onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1970. Ikú kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ka ìwé náà fún ìdánwò mọ̀ ọ́n; àwọn tí wọ́n wò ó lórí ìtàgé lọ́wọ́ Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ mọ̀ ọ́n; àwọn tí wọ́n wo fíìmù tí Bánkọ́lé Bẹ́llò ṣe nínú rẹ̀ ní 1981 náà mọ̀ ọ́n. Bí a bá bi wọ́n léèrè bí Ìyálóde ṣe kú, èyí tí yóò yá wọn lẹ́nu ni pé májèlé ni ó gbé mì.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ikú méjèèjì kì í ṣe ohun kékeré. Gbogbo ẹjọ́ tí a lè dá fún Ẹfúnṣetán ni ó so mọ́ ọn: bóyá ìkà ni láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ìbànújẹ́ ni ó sọ ọ́ di ìkà, bóyá ikú rẹ̀ san gbèsè ọrùn rẹ̀, àti ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó ti san án. Àwọn kan ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ wọn. Àwọn mìíràn, pàápàá láti ìgbà tí Bọ́láńlé Awẹ́ ti kọ àròkọ lórí rẹ̀ nínú àkójọ kan nípa àwọn obìnrin Nàìjíríà tí ó jáde ní 1992, ń sọ pé ìlara àti òṣèlú ni ó pa obìnrin náà, àti pé eré ni ó bà á lórúkọ jẹ́. Ìhà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohun tí ó fi aṣọ bò.

Ẹ jẹ́ kí á ti orí eré náà bẹ̀rẹ̀. Nínú rẹ̀, Ẹfúnṣetán kò rí ọmọ bí. Ọlọ́run fún un ní owó, ó fún un ní oyè, ó fún un ní ẹrú lọ́kùnrin lóbìnrin, ṣùgbọ́n kò fún un ní ẹni tí yóò sin ín. Láti inú ọgbẹ́ yìí ni òfin rẹ̀ ti jáde: ẹrúbìnrin kan kò gbọdọ̀ lóyún nínú agbo-ilé rẹ̀, ẹrúkùnrin kan kò sì gbọdọ̀ fún ni lóyún níbẹ̀. Adétutù rú òfin náà. Wọ́n bẹ Ìyálóde, ẹ̀bẹ̀ kò wọ̀ ọ́ létí, a sì pa Adétutù toyún-toyún. Ìlú kò lè fara dà á mọ́. Ààrẹ Látòósà kó ogun wọ ilé rẹ̀, ó tú àwọn ẹrú sílẹ̀, ó sì ṣẹ́gun obìnrin náà. Òun náà wá yan májèlé dípò ẹ̀sín.

Ẹni tí ó bá ka àkópọ̀ yìí nìkan yóò rò pé ẹjọ́ náà kò le rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó jókòó ní iwájú ìtàgé. Ìṣọ̀lá jẹ́ kí Ẹfúnṣetán fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ń dùn ún. Àwùjọ Yorùbá mọ bí ojú ṣe ń ti obìnrin tí kò bímọ, ó mọ ohun tí àna ń sọ lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ bí ilé rẹ̀ ṣe máa ń dá wáí ní ọjọ́ ọdún. Kò sí bí irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe gbọ́ ìrora yìí tí inú rẹ̀ kò ní yọ́. Kí omijé tó gbẹ lójú wọn ni wọ́n tún rí i tí a ń wọ́ Adétutù lọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń káàánú ni ó pàṣẹ náà. Òǹkọ̀wé tí ó bá fẹ́ àfiṣẹ̀sín lásán ì bá má dà ara rẹ̀ láàmú tó báyìí.

A lè fi èyí wé Gáà. Ní 1972 ni Adébáyọ̀ Fálétí tẹ Baṣọ̀run Gáà jáde, lórí ìjòyè tí ó rán Aláàfin bí mélòó kan lọ sí ọ̀run kí Abíọ́dún tó fọ́ agbára rẹ̀ ní 1774. Ó pa Agbọ̀nyìn, ọmọ ọba, bí ẹni pa ẹran ìgbẹ́. Kò sí ẹni tí ń sunkún Gáà. Agbára ni ó wá, agbára ni ó rí, ọwọ́ agbára ni ó sì kú sí. Òǹkàwé kì í béèrè ohun tí ó dun Gáà. Ti Ẹfúnṣetán yàtọ̀ nítorí pé a mọ ohun tí ó dùn ún ṣáájú kí á tó mọ ohun tí ó ṣe. Ọ̀nà tí a gbà mọ ènìyàn ń tọ́ka sí bí a ó ṣe dá ẹjọ́ rẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé eré sì mọ èyí ju adájọ́ lọ.

Wàyí o, kí ni ìtàn wí? Olùkọ́ ilé-ìwé ni Samuel Johnson ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ó sì wà ní ìlú nígbà tí Ìyálóde kú. Ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ, tí ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ ní 1897, kò jáde títí di 1921, ọpẹ́ sì ni fún Obadiah arákùnrin rẹ̀ tí ó tún un tò lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó wà nínú ìwé yìí nípa Ẹfúnṣetán kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ọmọ Ẹ̀gbá ni obìnrin náà. Ẹrú tí ó wà ní oko rẹ̀ nìkan tó 2,000, láìka àwọn ti ilé. Ó ní àwọn balógun tirẹ̀ àti àwọn ọmọ-ogun tirẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn ìgbà náà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìlú ogun ni Ìbàdàn. Oyè kì í ṣe ti ìdílé níbẹ̀; ẹni tí ó bá lè kó ọmọ-ogun jọ, tí ó lè bọ́ wọn, tí ó lè fún wọn ní ìbọn àti ẹ̀tù, òun ni ó ń gòkè. Ìbọn àti ẹ̀tù wọ̀nyí kì í jábọ́ láti ojú ọ̀run. Láti etíkun ni wọ́n ti ń wá, ọwọ́ àwọn oníṣòwò ni wọ́n ń gbà kọjá, Ẹfúnṣetán sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn oníṣòwò náà. Àwọn olórí ogun ń ra awin lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó jáde, wọn a sì fi ẹrú àti ìkógun san án nígbà tí wọ́n bá bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹrú rẹ̀, kí á má ṣe gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Àkókó: àwọn ìlú tí Ìbàdàn fọ́ ni. Àwọn ọkùnrin tí a kì fún fífọ́ wọn ni ó kó wọn wá sí ẹnu-ọ̀nà Ìyálóde. A ń pe ìwọ̀nyí ní akọni. Òun nìkan ni a pè ní ọ̀dájú.

Àwọn tí ń gbèjà Ẹfúnṣetán fẹ́ràn ibi tí a dé yìí, wọn a sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Kò lè tán síbẹ̀. Ìwé Johnson kan náà sọ pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú lórí ìkúnlẹ̀ ní nǹkan bí 1860, àti pé láti ìgbà náà ni ó ti di òǹrorò sí àwọn ẹrúbìnrin rẹ̀ tí ó bá lóyún. A ń fi ipá ṣẹ́ oyún náà mọ́ wọn nínú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń bá a lọ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan tún fi kún un pé ẹrú 41 ni ó bẹ́ lórí. Iye yìí gba ìṣọ́ra: ẹni tí ó mọ 201 àti 401 nínú ìtàn àwọn òrìṣà mọ̀ pé nígbà tí apìtàn Yorùbá bá fi ọ̀kan lé iye tí ó pé, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó kà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ mẹ́rin ni, tàbí ẹyọ kan péré, ẹ̀jẹ̀ kò di omi.

Kò ṣe àgàn, nígbà náà. Ìyá ni, ìyá tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Eré mú ìbànújẹ́ rẹ̀, ó yí i padà: ẹni tí a gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ di ẹni tí a kò fún lọ́mọ rí. Ó rọrùn fún òṣèré láti sọ àìrọ́mọbí lórí ìtàgé, bóyá nítorí èyí ni Ìṣọ̀lá fi yàn án. Síbẹ̀, èyí tí ó wà nínú ìtàn ni ó jinlẹ̀ jù. Oyún ni ó pa ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, kò lè wo oyún lára ẹlòmíràn. Àmì kan sì wà tí ó fi hàn pé kì í ṣe ọ̀ràn owó: ní ayé ìgbà náà, ọmọ tí ẹrú méjì bá bí, ti olówó wọn ni. Gbogbo oyún tí ó ṣẹ́ jẹ́ ọrọ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà nù. Obìnrin tí ó mọ iye owó ẹyọ tí ó wà nínú àpò kan láìtú u kò lè ṣàìmọ èyí. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ń bá a lọ. Ẹni tí ó jẹ́ pé ojúkòkòrò ni ìkà rẹ̀, èrè yóò dá a lẹ́kun; ti Ẹfúnṣetán kò ní ibi tí a lè ti dì í mú.

Èyí mú kí á káàánú rẹ̀. Ó yẹ kí á káàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kú lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ náà ní ìyá, ní Èkìtì tàbí ní Ìjẹ̀ṣà, àwọn ìyá tí kò mọ̀ pé ọmọ wọn ti kú, tí wọn kò sì ní ẹrú tí wọn yóò fi ìbínú náà mọ́.

Ọ̀rọ̀ dé orí Látòósà báyìí, ibẹ̀ sì ni eré àti ìtàn ti pínyà pátápátá. Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún, ọdún 1874, Ààrẹ yọ Ẹfúnṣetán lóyè, ó sì fi Ìyáọlà sí ipò rẹ̀. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni ó kà sí i lọ́rùn. Èkíní, kò bá òun lọ sí ogun. Èkejì, kò fi nǹkan ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́ sí òun nígbà tí òun wà lójú ogun. Ẹ̀kẹta, kò wá pàdé òun ní ibodè láti kí òun kú àbọ̀. Ẹ tún wọn kà. Kò sí ẹrú kan nínú wọn. Kò sí aboyún kan. Àwọn ìyà tí gbogbo Ìbàdàn mọ̀ pé ó ń jẹ àwọn ẹrúbìnrin fún ọdún mẹ́rìnlá kò tó ohun tí a lè pè ní ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n àìkí Ààrẹ kú àbọ̀ tó o. Kí á sì rántí pé ẹni tí a ń ra awin lọ́wọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ di ọ̀tá ẹni tí ó ń rà á. Kì í ṣe Ẹfúnṣetán nìkan ni Látòósà ṣe báyìí: Ayéjẹǹkú Fọ́ọ̀kò àti Ìyápọ̀ ọmọ Balógun Ìbíkúnlé náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oyè lọ, ṣùgbọ́n owó kò lọ, ọmọ-ogun kò lọ. Ọgọ́ta ọjọ́ ni ó wà láàárín ìyọlóyè náà àti òru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà. A rí Kúmúyìílọ, ọmọ tí Ìyálóde gbà tọ́, fi owó yí lọ́kàn padà. Òun ni ó rán ẹrú méjì. Wọ́n gba àjà sọ̀kalẹ̀ sínú yàrá tí ó sùn sí, wọ́n sì fọ́ ọ lórí. Kò sí ogun tí ó wọ ilé, kò sí ẹrú tí a tú sílẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Obìnrin tí kò rí ọmọ tirẹ̀ tọ́ dàgbà ni ọmọ tí ó tọ́ pa lójú oorun.

Kí ni Ìṣọ̀lá ṣe nígbà tí ó mú ikú yìí tí ó fi májèlé rọ́pò rẹ̀? Nǹkan méjì ni, wọn kò sì bá ara wọn rẹ́. Ó dá ọlá Ẹfúnṣetán padà fún un. Ikú yá ju ẹ̀sín ni òfin àwọn ìjòyè ńlá. Aláàfin tí a kọ̀ a máa sùn, olórí ogun tí ìlú ṣá tì a máa gbé ìgò. Ikú ọkùnrin ni, ikú ẹni tí ó ṣì ní agbára láti yàn. Ìtàn kò fún Ìyálóde ní irú ikú bẹ́ẹ̀. Eré ni ó fún un. Ní ọwọ́ kejì, bí ó ti ń bu ọlá fún un, ó ń fọ ọwọ́ Látòósà mọ́. Ọkùnrin tí ó fi owó ra ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni ó gun orí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí olùgbàlà àwọn ẹrú, àwọn èrò sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé Látòósà fẹ́ràn òmìnira kò jẹ̀bi. Ohun tí a fún un kà ni ó kọ.

Ó wà lára ohun tí àwọn agbèjà fi ń bínú sí eré náà, wọ́n sì jàre níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á tó sọ ìwé náà nù, kí á wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tí kò sí níbòmíràn. Nínú ìwé ìtàn, àwọn ẹrúbìnrin tí ó kú kò ní orúkọ. Wọ́n jẹ́ ìdajì gbólóhùn kan, tí a fi sí i kí á lè mọ irú ẹni tí Ìyálóde jẹ́. Nínú eré, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Adétutù. Ó ní ọkùnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ń bẹ̀rù, ó ń sọ̀rọ̀, a sì ń gbọ́ ọ. Ìlú gbéra nítorí rẹ̀. Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ìlú Ìbàdàn kò gbéra nítorí ẹrú kan ní 1874. Àmọ́ ẹjọ́ tí ó yẹ kí a pè tí a kò pè, ìtàgé nìkan ni a ti pè é. Ìṣọ̀lá fi irọ́ nípa Látòósà ra òtítọ́ nípa Adétutù. Bóyá owó náà pọ̀ jù, òǹkàwé kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò rí nǹkan rà.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìwẹ̀nùmọ́ Ẹfúnṣetán kò ṣeé fi ẹnu kan sọ. Àwọn kan ń rò pé májèlé yẹn ni ètùtù rẹ̀, pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀ ti san gbèsè. Kí á wo ohun tí ó mú un gbé e mì. Ìtìjú ni, kì í ṣe ìrònúpìwàdà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó ṣẹ̀ a máa jẹ́wọ́, a sì máa dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ tàbí fún ẹbí rẹ̀. Ẹfúnṣetán inú eré kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó jẹ́ kí á fẹ́ràn rẹ̀ ní ìparí náà ni ohun tí ó jẹ́ kí ó ṣẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀: kò lè gbà kí ẹlòmíràn pàṣẹ lórí ara òun. Ara Adétutù ni kò rántí pé ó ní olúwa.

Ti Ẹfúnṣetán inú ìtàn tún ṣòro jù. Àwọn tí ó pa á kò fún un láyè àti jẹ́wọ́, bí ó bá tilẹ̀ fẹ́. Bóyá ọkàn rẹ̀ ì bá rọ̀ ní ọjọ́ ogbó. Àwọn apààyàn mú un sọdá kí ó tó dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ ìran ẹ̀yìn ni wọ́n wá ń bá a tọrọ àforíjì, àforíjì tí òun fúnra rẹ̀ kò tọrọ, lọ́wọ́ àwọn tí kò sí láyé mọ́ láti fún un. A ti gbé ère rẹ̀ sí oríta Challenge ní Ìbàdàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí obìnrin tí ó gòkè láàárín àwọn ológun láìgbé idà kì í ṣe ẹni àgbàgbé. Tinúubú, Ìyálóde Ẹ̀gbá, tí Ìṣọ̀lá náà kọ eré lé lórí, ta ẹrú bí ti Ẹfúnṣetán, gbàgede ńlá sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Èkó. Ère kì í ṣe ìdáláre. Ẹni tí ó bá dúró níwájú rẹ̀ lè bọ̀wọ̀ fún un kí ó má sì parọ́ fún un.

Lẹ́yìn ikú Ìyálóde, àwọn ìjòyè Ìbàdàn pe ìpàdé, wọ́n wádìí, Kúmúyìílọ sì jẹ́wọ́ ibi tí àṣẹ ti wá. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fi ṣe Látòósà. Ó wà lórí oyè Ààrẹ títí ó fi kú ní bùdó ogun Kírìjì ní 1885. Àwọn ẹrú méjì tí a rán gba àjà wọlé ni a mú lọ sí ọjà, a sì pa wọ́n níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.